Bí Saka Ṣe Ń Béèrè Ọ̀rọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa máa ń wá jókòó tì mí lẹ́yìn ìrun alásárì, wọ́n á ní, "Bàbá, irú iṣẹ́ wo ló yẹ kí àwa yìí ṣe?" Èyí tí mo ṣe ni mo mọ̀, òun náà ni mo lè sọ. Kíkọ́ àwọn ọmọ yunifásítì bí a ṣe ń ṣe ìwádìí ni mo fi ayé mi ṣe, níbí ní Ìlọrin, títí wọ́n fi ní kí n máa lọ sinmi. Ẹ máa gbọ́ orúkọ Saka nínú ìtàn yìí ju orúkọ tèmi lọ. Ẹ fara dà á. Èmi náà ti ń fara dà á ọjọ́ ti pẹ́.

Òjòwú ni mí, mi ò ní fi bò fún yín. Ẹlòmíràn á ní ìlara ni mò ń ṣe. Rárá o. Onílara ń wo ohun olóhun. Èmi, ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ó jẹ́ tèmi ni Saka ń rí gbà níṣojú mi, tó sì ń rẹ́rìn-ín gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ pe ìyẹn ní nǹkan mìíràn, ẹ pè é.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló gbé mi dénú iṣẹ́ yìí. Mi ò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà tí bàbá mi kú. Àgbẹ̀ ni, lọ́nà Òkè-Òyì. Ìyá mi ṣe opó rẹ̀ tán, ó pọ̀n mí, ó padà sí agboolé bàbá tirẹ̀ nítòsí Ọjà-Ọba, ó sì ń ta ẹ̀pà àti irú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti ń bi í pé, "Ìyá, irú èèyàn wo ni bàbá mi?" Èsì kan náà ló máa ń fọ̀ fún mi: "Ọlọ́hun á kẹ́ ẹ. Lọ bá mi gbé igbá yẹn wá." Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní èèyàn dáadáa ni, ohun tí gbogbo ayé sì ń sọ nípa gbogbo òkú náà nìyẹn. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé iṣẹ́ kan wà ní yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sáré lọ. Mo ní bí mo bá kọ́ ọ tán, ìyá mi ni màá kọ́kọ́ fi dán wò.

Bí wọ́n ṣe gbà mí àti iye tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Owó oṣù kì í dùn nínú ìtàn, kì í sì í dùn lápò.

Dókítà Yísà ni ọ̀gá wa, ọkùnrin tínrín kan tí kì í gbóhùn sókè. Èmi àti Saka ló gbà lọ́jọ́ kan náà láti máa ràn án lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ ni àwa méjèèjì, ọjọ́ orí wa ò fi bẹ́ẹ̀ jìn síra. Iṣẹ́ wa ni láti máa kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí àwọn abúlé, kí a kọ́ wọn bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, bí a ṣe ń gbọ́ èsì, àti bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi tiwa kún un. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní a ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni títí òun fi máa kọ́ àwa fúnra wa.

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rán wa ni pé kí a lọ jókòó ní Ọjà-Ọba láti òwúrọ̀, kí a má béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí a padà wá sọ ohun tí a rí. Mo padà dé, mo ní, "Ọ̀gá, ọjà ò yá lónìí."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo rò pé..."

"Ojú ni mo ní kí o gbé lọ, mi ò ní kí o gbé èrò lọ. Padà síbẹ̀."

Mo fẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn. Saka ní tirẹ̀ ti sọ fún un pé òun rí ìyá kan tó ń ta ata. Ó ní ìyá náà to ata rẹ̀ jọ, ó tú u, ó tún un tò, kò sẹ́ni tó ná an, níkẹyìn ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo àwọn tó ń kọjá. Ọ̀gá wá mirí sí i pé ó káre. Orí tó mì sí Saka yẹn dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ṣé èmi náà ò rí ìyá aláta ọ̀hún ni? Mo rí i. Mi ò kàn mọ̀ pé òun ni nǹkan tí wọ́n rán mi wá wò ni.

Ọ̀gá le. Kì í bú èèyàn, iṣẹ́ ẹ ló máa ń dá padà fún ẹ. Àgbẹ̀ kan sọ fún mi pé, "Ó ti rẹ ilẹ̀ yìí." Èmi náà gbé gègé, mo kọ ọ́ ní èdè òyìnbó tó gbámúṣé pé oúnjẹ inú ilẹ̀ náà ti dínkù. Ọ̀gá fa ìlà pupa lé e lórí. Ó ní, "Ṣé ohun tó sọ nìyí? Ó ní ó rẹ ilẹ̀. Ẹni tó bá ní ó rẹ ilẹ̀, ó ń rò pé ilẹ̀ lè sinmi kí ara rẹ̀ sì yá. Ìwọ ti pa ilẹ̀ onílẹ̀." Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo fi kọ́ gbogbo ọmọ tó gba abẹ́ mi kọjá, pé bí ẹnu onítọ̀hún ṣe sọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́, ẹ má ràn án lọ́wọ́.

Àṣé ibi tí Saka máa ti gbà ju mí lọ ń bọ̀. A lọ bá àgbẹ̀ àgbàlagbà kan lábúlé, a fẹ́ mọ bó ṣe ń tọ́jú iṣu rẹ̀ tí kì í rà títí òjò tuntun á fi dé. Baba náà ò fẹ́ sọ. Mo kí i dáadáa, mo jókòó, mo béèrè lọ́nà tí ọ̀gá kọ́ wa. Ó ní, "Ọlọ́hun ló ń ṣọ́ ọ." Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́. Saka wá yọ ẹnu, ó ní, "Ẹ kàn ń dà á jọ sínú oòrùn ni, àbí? Ibi tí a ti wá, inú oòrùn la máa ń kó o sí."

Baba náà wò ó tìyanutìyanu. "Inú oòrùn? Ta ló bí ẹ? Ṣé ilé yín ni wọ́n ti ń se iṣu kí wọ́n tó tà á?" Ó dìde, ó fa Saka lọ́wọ́ wọ inú àká, ó fi igi hàn án, ó fi okùn hàn án, ó fi bí wọ́n ṣe ń yí orí iṣu hàn án. A ò kúrò níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Wọ́n tún bu wàrà tútù fún Saka. Omi ni wọ́n bù fún èmi.

Ọ̀nà tirẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè tún un sọ. Mo ní irọ́ ni. Mo sọ fún ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní, "Kàdírì, kò tan baba yẹn jẹ. Ó gba òmùgọ̀ mọ́ra ni. Ìwọ ò lè gbà kí ẹnikẹ́ni rí ẹ bí òmùgọ̀, ìyẹn ni wàhálà tìẹ." Títí dòní mo ṣì ní èsì tó yẹ kí n fọ̀ fún un nínú.

Ọ̀nà tèmi ni ìjókòó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Màá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n kí onílé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó lè gba ìdákẹ́jẹ́ mọ́ra títí, ọ̀rọ̀ ló máa fi lé e lọ. Òótọ́ sì ni, ó máa ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ àwọn ọmọ mi máa ń mọ́, kì í ní àléébù. Ṣùgbọ́n Bàbá Dákẹ́ ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ wa bá ń ti abúlé bọ̀, ẹ̀rín ló máa ń jáde látinú ọkọ̀ Saka. Inú ọkọ̀ tèmi máa ń pa lọ́lọ́. Ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe ń ká mi lára.

Mo dán ìjókòó wò lára ìyá mi náà. Mo lọ jókòó tì í níbi tó ti ń ṣa ẹ̀pà, mo dákẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ bàbá mi á jáde lónìí. Ìrọ̀lẹ́ kan lọ, òmíràn dé. Lọ́jọ́ kan ó gbé ẹ̀pà sílẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí, ó ní, "Àlàmú, ṣé ara ẹ ò yá ni?" Ó lọ se àgbo fún mi. Mo mu ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àjálù tó bá wa fún yín. Nígbà yẹn ọ̀gá Yísà ti fẹ̀yìn tì, ọ̀gá mìíràn ti dé sórí wa, ẹni tó gbà pé ohun tí a ò bá lè kà kì í ṣe ìmọ̀. Ó kó ìwé ìbéèrè kan wá: ọmọ mélòó lẹ bí, ewúrẹ́ mélòó lẹ sìn, màlúù mélòó. Èmi àti Saka wo ara wa. A sọ fún un pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ níhìn-ín. Ó ní a ti wà lábúlé jù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnu èmi àti Saka ti kò lé lórí rí nìyẹn, wọn ò sì gbọ́ ti wa.

Ọmọkùnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ tó gbọ́n, tó sì fẹ́ kí iṣẹ́ òun pé, bi olórí agboolé kan ní abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè-Òyì pé ọmọ mélòó ló ní. Ọkùnrin náà ní, "Ọlọ́hun ló mọ̀." Àwọn ọmọ ọ̀hún jókòó lórí ẹní níwájú rẹ̀, wọ́n ń jẹun. Ọmọ wa ní kí òun má da onílé láàmú. Ó na báírò sí orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n sókè. Ó kà wọ́n tán, ó yíjú sí àwọn ewúrẹ́, ó ń bá ìkà náà lọ láìdánu dúró.

Ìyá àgbà kan jáde látinú ilé, ó fa ẹní yẹn lábẹ́ àwọn ọmọ, oúnjẹ dà nù. Ó ní, "Ṣé ọjà lo fẹ́ fi wọ́n ná ni?" Ọmọ wa ń bẹ̀bẹ̀, kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ibà mú ọmọ méjì nínú àwọn ọmọ náà. Ara wọn yá o, alihamudulilahi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́rọ̀ ẹ̀rín. Alángùá, ìyẹn olórí abúlé, ránṣẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ yunifásítì kankan ò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ àwọn mọ́. Àwọn abúlé tó yí i ká gbọ́, àwọn náà tìlẹ̀kùn. Àwọn ọmọ tó kù díẹ̀ kí wọ́n gba dígírì ò wá ní ibi tí wọ́n máa ti ṣe ìwádìí.

Èmi ni mo lọ. Bí ọjà Òkè-Òyì bá ti pé, màá gun ọ̀kadà lọ sí abúlé náà, màá jókòó lábẹ́ igi tó wà níwájú ilé Alángùá, màá kí wọn, màá dákẹ́. Wọn ò lé mi, wọn ò sì pè mí. Mo jókòó títí ìdí fi ń ro mí. Nígbà tó yá, ìyá àgbà tó fa ẹní yẹn fi omi ránṣẹ́ sí mi. Mo mu ún, inú mi dùn, mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti fẹ́ ṣí.

Ìgbà tí mo máa tún lọ, Saka ní òun á tẹ̀ lé mi. Ṣé kí n ní kó má tẹ̀ lé mi ni? A dé ibẹ̀, ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà. Saka kí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ìyá, wọ́n ní ẹ ti kó gbogbo ọmọ abúlé yìí lọ sí Mẹ́kà, kí ojú wa má bàa tó wọn mọ́."

Ìyá wò ó. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ta ló fẹ́ fún mi lówó Mẹ́kà? Èmi gan-an ò tíì lọ." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, Alángùá jáde, wọ́n tẹ́ ẹní, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà a ò béèrè iye ọmọ mọ́. A máa ń béèrè bí ìkòkò tí wọ́n fi ń rokà lálẹ́ ṣe tóbi tó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì fi ìyẹn ṣírò.

A padà dé yunifásítì, gbogbo ẹnu ló ń pariwo pé Saka ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Saka kọ̀ ọ́. Ó dìde láàárín ìpàdé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Kàdírì ló ṣe é. Ó ti jókòó títí inú wọn fi rọ̀. Èmi kàn wá rẹ́rìn-ín sí i ni." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un pé ó níwà ìrẹ̀lẹ̀. Ṣé ẹ rí nǹkan tí ojú mi rí? Ó gba iyì iṣẹ́, ó gbé e fún mi, wọ́n tún fún un ní iyì ẹni tó gbé e fún mi. Ó sàn kó tilẹ̀ gbà á tán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, rédíò onípáànù ńlá kan ni wọ́n fi ń gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Bí a bá gbé e kalẹ̀, àwọn àgbẹ̀ á máa bá rédíò sọ̀rọ̀ dípò wa, wọ́n á máa kí ìjọba. Fóònù dé, ó kéré, wọ́n gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, ìyẹn dára. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé ìbéèrè sórí fóònù, wọ́n á fi í ránṣẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo bi wọ́n pé àgbẹ̀ wo ló máa kún un. Wọ́n ní àwọn ọ̀rẹ́ àwọn á bá wọn kún un. Kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ tí ń kọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ náà ti dé. Ọmọ kan gbé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àgbẹ̀ kan wá fún mi, ó mọ́ tónítóní. Mo kà á, mo ní, "Àgbẹ̀ yìí ò wúkọ́, kò bínú, kò pe Ọlọ́hun lẹ́ẹ̀kan. Níbo lo ti rí i?" Ọmọ náà wolẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n sòótọ́, mo jowú ẹ̀rọ yẹn náà. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Bàbá Dákẹ́.

Ọdún yẹn náà ni Ráfíà ọmọ mi dé ọdún tó kẹ́yìn ní ẹ̀ka wa. Àgbà ni mo bí i, òun ni àbíkẹ́yìn mi. Wọ́n ní kí kálukú mú ẹni tó máa tọ́ ọ sọ́nà nínú ìwádìí rẹ̀. Mo ti ń múra sílẹ̀ de ọmọ mi. Ó wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bàbá Saka ni mo mú."

Mo ní, "Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, sà. Bí mo bá wà lọ́dọ̀ yín, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ ṣe é fún mi." Ó tún fi kún un: "Àti pé, Bàbá, èèyàn kì í lè béèrè ìbéèrè òmùgọ̀ níwájú yín."

Mi ò jẹun alẹ́. Lọ́jọ́ kejì Saka yà wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kàdírì, ṣé kí n dá a padà fún ẹ?"

Mo ní, "Ṣé àwìn ni mo tà á fún ẹ ni? Kọ́ ọ dáadáa." Ó lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn dára, ṣùgbọ́n inú mi kò dára.

Àwọn ìyá tó kúrò lóko wá ṣòwò ní ìgboro ni Ráfíà ní òun fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Ó bá àwọn kan sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà Táíwò, ó bá àwọn mìíràn sọ̀rọ̀ lọ́jà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ti mọ́sálásí dé, mo gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá ìyá mi. Ìyá mi ti darúgbó gan-an nígbà náà, ẹ̀rín rẹ̀ ò pọ̀ mọ́. Mo súnmọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ geere, mo sì gbọ́ kedere tó ní, "bàbá bàbá ẹ." Mo wọlé. Ó pa ẹnu mọ́. Ráfíà mú fóònù rẹ̀ kúrò lórí ẹní, ó fi sápò.

Mo pè é síta. Mo ní, "Kí ni ìyá sọ fún ẹ?"

"Ọ̀rọ̀ ìwádìí mi ni, Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni. Mo gbọ́. Báwo lo ṣe gbà á lẹ́nu rẹ̀?"

"Mo kàn sọ fún wọn pé ó jọ pé bàbá bàbá mi ló lé wọn kúrò lóko. Inú bí wọn, wọ́n ní n ò mọ nǹkan kan, wọ́n wá ń sọ fún mi."

Ọ̀nà Saka gan-an nìyẹn, nínú ilé mi, lórí ẹní ìyá mi. Mo ní, "Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù yẹn."

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹ gbọ́. Mo sì ti gbà fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀." Omi ń bọ̀ lójú rẹ̀. "Ṣé ẹ máa gba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ohun tí wọ́n fi pa mọ́ sí i lọ́wọ́?"

Mi ò lè gbà á. Màá fa iṣẹ́ rẹ̀ ya ni. Mo ní kí ó máa lọ. Mo dúró lójúde, mo ń jowú ọmọ tí mo bí nínú ara mi. Gbogbo ohun tí mo torí rẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí ló wà nínú àpò rẹ̀, ó ń gbé e lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Mo gbà á sínú. Ráfíà gba dígírì rẹ̀, èmi fẹ̀yìn tì, Saka náà fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, bí Saka bá gbọ́ ọ, kí ó má wá kí mi o. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ jókòó ti ìyá mi. Mi ò béèrè, mi ò sì dákẹ́. Mo ní, "Ìyá, mo kọjá lọ́nà Òkè-Òyì. Àwọn kan ní bàbá mi ò ka ẹ̀yin sí rárá. Wọ́n ní ẹ lọ o, ẹ bọ̀ o, kò kàn án."

Ìyá mi gbórí sókè. "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ burúkú yẹn?"

"Àwọn kan ni."

"Wọ́n purọ́. Kò kàn án kẹ̀? Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ẹnìkan bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, kò ní jẹun alẹ́? Ó jowú àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ó jowú ewúrẹ́ mi, ó ní mò ń bá a sọ̀rọ̀ ju òun lọ. Ìgbà tí mo bí ẹ, bí mo bá gbé ẹ sẹ́nu ọmú, á dijú mọ́rí, á ní, ṣé òun nìkan ló wà nínú ilé yìí ni? Ìwọ ló ń bá wí, ọmọ ọwọ́." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí ìbòrí nu ojú. "Ó fẹ́ràn ẹ kọjá àlà. Ó kàn ń jowú ẹ ni."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Kí n sọ ọ́ fún ẹ? Ọmọ tó jẹ́ pé bí mo bá gbé ọmọ ọlọ́mọ, yóò kọ oúnjẹ? Bí ọmọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Mo wò ẹ́, mo ní ṣòkòtò rèé. Mo ní bí mo bá sọ fún un pé ogún bàbá rẹ̀ ni owú yìí, á gbá a mọ́yà, kò ní fi sílẹ̀ mọ́."

Mo bi í pé, "Ṣé gbogbo ohun tí ẹ sọ fún Ráfíà náà nìyẹn?"

Ó ní, "Ráfíà? Ti Ráfíà pọ̀ ju èyí lọ dáadáa."

Ó ká mi lára. Mo yí ẹ̀yìn sí i lórí ẹní, mo kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ tí ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó ní, "Bó ṣe máa ń jókòó gan-an nìyẹn. Èjìká náà gan-an nìyẹn."

Mi ò yíjú padà. Mo jókòó bẹ́ẹ̀, kí ó lè wò mí dáadáa.